Ọkùnrin Tó Túfọ̀ Ara Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin kan wà ní ìlú kan ní Òkè-Ògùn. Àgbẹ̀ kajú ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìdílé rẹ̀ mọ̀ ọ́n mọ́ jùlọ ni pé òun ni wọ́n máa ń rán láti lọ sọ fún ènìyàn pé ènìyàn rẹ̀ ti kú.

Ẹ fi ìwé dókítà yẹn sórí tábìlì ná. Mo rí i. Mo sì gbọ́ ohun tí ẹ bi mí nígbà tí mo wọlé, n ó dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọkùnrin yìí tán.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn dán an wò rí. Ìbátan rẹ̀ kan ni wọ́n rán sí obìnrin kan tó ń ta aṣọ. Ìbátan náà kò tilẹ̀ sọdá títì. Ó dúró sí òdìkejì, ó pariwo pé, "Ẹ palẹ̀ mọ́ o, ọkọ yín ti lọ!" Obìnrin náà ní, "Lọ síbo?" Ó ní, "Lọ pátápátá!" Láti ọjọ́ náà, iyọ̀ nìkan ni wọ́n ń rán ìbátan yẹn lọ rà.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mò ń sọ yìí mọ iṣẹ́ náà dénú. Tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, á ní kó jókòó. Á bi í pé, "Ṣé o ti jẹun?" nítorí ẹni tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tún ní fi nǹkan kan ẹnu mọ́ lọ́jọ́ náà. Á bi í pé, "Ta ló wà pẹ̀lú rẹ?" nítorí ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí tí yóò dì í mú. Lẹ́yìn náà á wá rọra ní, "Bàbá ń béèrè rẹ. Ara wọn ni kò fi bẹ́ẹ̀ dá. Kò sí nǹkan, ṣáà fọkàn balẹ̀. A ó máa gbàdúrà." Nílùú náà, bí wọ́n bá ti sọ fún ọ pé kò sí nǹkan, o ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Bí wọ́n bá wá fi àdúrà kún un, a jẹ́ pé wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ nìyẹn.

Ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́kàn. A ṣì máa padà sórí wọn.

Ọkùnrin yìí ní ọmọbìnrin kan, Mọrádéyọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Àrùn ọkàn ló mú ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà lọ lójijì, ẹ̀rù sì ba ọmọ yìí. Ó ní kí bàbá òun wá sí Ìbàdàn wá ya fọ́tò àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọkàn. Bàbá ní ara òun le. Ọmọ ní òun kò béèrè bóyá ara wọn le, ọkọ̀ tí wọ́n máa wọ̀ ni òun ń béèrè. Bàbá wọ ọkọ̀.

Dókítà tó gbà á lálejò jẹ́ ọmọbìnrin kan tó tutù lójú. Wọ́n tọ́ ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó kí i. Kí wọ́n tó ya fọ́tò, ó bi í pé, "Bàbá, ṣé àyà kì í fún yín bí ẹ bá ń gun òkè lọ sóko? Ṣé èémí kì í há yín?"

Ọkùnrin náà dá a lóhùn bí ọmọlúàbí. Ó ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Dókítà gbọ́ ọ sí pé kò sí. Ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tóóró kan. Bẹ́ẹ̀dì náà gbé e wọ inú ẹ̀rọ roboto kan tó rí bí ẹnu kànga tí wọ́n dá dùbúlẹ̀. Wọ́n ní kó dá èémí dúró. Ó dá a dúró. Wọ́n ní kó máa mí. Ó ń mí. Ó dìde, ó bi wọ́n ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti ṣe tán. Èyí kò dùn mọ́ ọn nínú rárá, nítorí pé aṣọ tuntun ló wọ̀ wá.

Nígbà tí fọ́tò jáde, dókítà pè é wọlé.

"Ẹ jókòó, sà."

Ó jókòó. Kò tíì fura.

"Ṣé ẹ ti jẹun, Bàbá?"

Ọkùnrin náà gbé ojú sókè.

"Ta ló bá yín wá?"

Ó ní ọmọ òun ni, pé ó sáré padà sí ibi iṣẹ́, ó ń bọ̀ wá mú òun.

Dókítà wo fọ́tò náà, ó wo bàbá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Kò sí nǹkan, Bàbá. Ó wà níbẹ̀ díẹ̀ ni, àwọn ibi funfun funfun wọ̀nyí. Ẹ ṣáà fọkàn balẹ̀. Ẹ ó máa lo oògùn tí mo kọ fún yín, ẹ ó dín ọ̀rá àti iyọ̀ kù, ẹ ó sì máa rìn dáadáa. Àwa náà ó máa gbàdúrà."

Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ọ̀gá gbogbo atúfọ̀ ni. Kò gbọ́ oògùn. Kò gbọ́ ìrìn. Ó gbọ́ ìjókòó, ó gbọ́ oúnjẹ, ó gbọ́ ta ló bá yín wá, ó gbọ́ kò sí nǹkan, ó gbọ́ àdúrà. Ó wo ọmọ náà tìyìntìyìn. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ọmọ yìí mọ iṣẹ́." Ó dìde, ó súre fún un, ó gba oògùn rẹ̀, ó sì wá sílé láti wá máa kú.

Mọrádéyọ̀ bi í lọ́nà pé kí ni dókítà wí. Ó ní kò sí nǹkan. Ọmọ náà ti pẹ́ ní Ìbàdàn, níbi tí kò sí nǹkan ti túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan. Inú rẹ̀ dùn.

Nígbà tí ọkùnrin náà délé, ó fi oògùn rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, ó so ó kọ́ àjà, nítorí kò sí oògùn tó jí òkú rí. Kò lọ sóko mọ́. Ó gbé àga síta, ó ń dá àwọn tó ń kọjá lóhùn bí ẹni tó ń dágbére. Ó ní kí ìyàwó òun máa se ṣàkì àti awọ, kí ó má gé ọ̀rá ara wọn dànù, kí epo sì bò wọ́n dáadáa. Kí ni òkú ń ṣọ́? Gbogbo ohun tí dókítà ní kó ṣe, kò ṣe ìkankan. Gbogbo ohun tó ní kó dín kù, ó fi kún un. Ó sì ṣe é dé ojú àmì, nítorí kì í ṣe ẹni tó máa ń ṣe nǹkan ní ìdajì.

Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù rẹ̀. Ó ní agbádá òfì kan tí kò wọ̀ rí ju ìgbà tí ọba gorí oyè lọ. Ó gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tó jẹ́ télọ̀. Télọ̀ gbé e wọ̀, ó rí i pé ó gùn jù, ó gé e mọ́ ara rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Ó gbé rédíò rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ̀ kan. Àwọn méjèèjì kò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ewúrẹ́ aládùúgbò náà ti jẹ àwọn ọ̀dọ́ igi kajú ọkùnrin yìí. Ó gbé rédíò kalẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Gbà."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó ń sọ̀rọ̀."

"Kí ló wá dé tí o fi ń gbé e fún mi?"

"Ewúrẹ́ rẹ kò jẹ̀bi," ni ó wí. "Kajú yẹn ló hù sí ojú ọ̀nà ewúrẹ́."

Ẹ̀rù ba aládùúgbò náà débi pé ó so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ewúrẹ́ yẹn kò rí okùn rí láyé rẹ̀.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rín yìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó gbé garawa omi láti ẹnu kànga, ó ń lọ sí balùwẹ̀. Ó dé àárín ọ̀nà, ó gbé garawa kalẹ̀, ó fi ọwọ́ di àyà mú, ó dúró bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rí i láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Ó ké sí i pé kí ló dé. Ó ní òun ń wo ojú ọjọ́ ni. Kò sí nǹkan kan lójú ọjọ́.

Ọkùnrin náà wá rí i pé ó tó àkókò kí ìyàwó òun gbọ́. Ó ronú nípa ẹni tí yóò rán. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ pé bí òun bá kú láìsọ, ìbátan òun yẹn ni wọ́n máa rán sí i, á sì dúró sí òdìkejì títì. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á kí wọ́n ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun fúnra òun ni òun máa túfọ̀ ara òun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó lọ ra ẹ̀kọ àti àkàrà. Ó tò wọ́n sórí tábìlì kékeré níwájú ilé, ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Mọrádéyọ̀, wá jókòó."

Obìnrin náà jókòó, ó ń fi ìró rẹ̀ nu ọwọ́.

"Ṣé o ti jẹun?"

Obìnrin náà dìde.

Mo ní láti sọ ìdí tó fi dìde fún yín. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge, bàbá rẹ̀ kú sí ìrìnàjò, ọkùnrin yìí ni wọ́n sì rán sí i. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rán an nìyẹn. Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Ọmọge náà ní òun kò tíì jẹun. Ọkùnrin náà lọ ra ẹ̀kọ àti àkàrà wá, ó jókòó tì í. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ọ̀rọ̀ náà kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó tún lọ ra òmíràn. Ó jẹ ìyẹn náà tán, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó tún dìde láti lọ rà sí i, ọmọge náà bá di aṣọ rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ti yó. Ṣé bàbá mi ti kú ni?" Ọkùnrin náà bú sẹ́kún kí ọmọge náà gan-an tó sunkún. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó tún wá wò ó bóyá ó ń jẹun. Ó tún wá. Ó ń wá títí àwọn ẹbí obìnrin náà fi ní kó kúkú mú ìdána wá, kó máa bọ́ ọ nílé ara rẹ̀.

Nítorí náà, obìnrin yìí mọ ohùn yẹn. Ó mọ àkàrà yẹn.

"Ta ló kú?" ni ó ké. "Bàbá Mọrádéyọ̀, ta ló kú? Ṣé ọmọ mi ni?"

"Mọrádéyọ̀ wà láàyè."

"Ṣé àbúrò mi tó wà ní Ṣakí ni?"

"Ara rẹ̀ le. Jókòó, jẹ àkàrà rẹ."

"Mi ò jẹ! Ta ló kú?"

"Èmi ni," ni ọkùnrin náà wí.

Obìnrin náà wò ó. Epo wà ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ̀yin?"

"Èmi."

"Ìgbà wo?"

"Ọjọ́ tí mo lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà."

"Ta ló wá jẹ ṣàkì tí mo sè lánàá?"

Ọkùnrin náà nu epo àgbọ̀n rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí dókítà ṣe ní kó jókòó, bó ṣe bi í nípa oúnjẹ, bó ṣe bi í nípa ẹni tó bá a wá. Nígbà tó dé ibi àdúrà, obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Òun náà ará ìlú yẹn ni. Ó mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Fún ìgbà díẹ̀, àwọn méjèèjì jókòó síbẹ̀, wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ọ̀kan nínú wọn.

Ṣùgbọ́n obìnrin náà rántí garawa omi. Ó wo inú ilé láti ẹnu ọ̀nà, ó rí ọ̀rá dúdú tó ń fì dirodiro lábẹ́ àjà.

"Kí nìyẹn?"

"Oògùn tí wọ́n fún mi ni."

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Mọrádéyọ̀, ta ní ń fún òkú lóògùn?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra lọ sí Ìbàdàn ni wọ́n wọ̀.

Nígbà tí dókítà rí wọn, ó tún kúnlẹ̀ díẹ̀. Ìyàwó náà gbé e dìde. Ó ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Wọ́n tọ́ ọ dáadáa, Ọlọ́run á bùkún ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé rẹ ló fẹ́ pa ọkọ mi. Lónìí, jọ̀ọ́, bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọn kò tọ́." Ó sì ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, títí dórí agbádá.

Dókítà wo àwọn méjèèjì. Ó mí kanlẹ̀. Ó dúró ṣánṣán, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ ka àkọ́sórí.

"Bàbá, ẹ ò kú."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà. Mo ní kí ẹ jókòó nítorí pé àga wà níbẹ̀. Mo bi yín bóyá ẹ ti jẹun nítorí pé mo fẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín, kí a lè wo ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀. Mo bi yín ta ló bá yín wá kí n lè fi bí ẹ ó ṣe máa lo oògùn han ẹni náà."

"Àdúrà ńkọ́?"

Ojú ti dókítà díẹ̀. Ó ní, "Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, sà. Bí mo bá ra búrẹ́dì gan-an, mo máa ń ṣe é fún ẹni tó tà á."

Lẹ́yìn náà ó gbé fọ́tò náà sójú iná, ó sì ṣàlàyé. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú àwọn iṣan kéékèèké lọ bọ́ ọkàn. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ọ̀rá lè máa lẹ̀ mọ́ inú ara iṣan wọ̀nyí. Apá kan nínú rẹ̀ á le, á sì funfun, bí èérí tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù omi kànga. Èyí tó ti le yẹn ni ẹ̀rọ wa ń rí, òun ló ń kà. Ẹni tí kò ní i rárá, òdo ni ẹ̀rọ máa kọ fún un, òdo sì dára níbí. Bí iye yẹn bá ti ń lọ sókè ni ewu ń lọ sókè. Ti Bàbá kúrò ní òdo, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi tó ga. Àárín ló wà."

Ìyàwó bi í pé, "Ṣé ọ̀nà ti dí ni?"

"Fọ́tò yìí kò lè sọ ìyẹn, Mà. Ó ń sọ fún wa pé èérí wà nínú páìpù. Kò sọ bí omi ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kò sì dá ọjọ́ ikú fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó ti le lè má ṣí kúrò mọ́, nítorí náà ẹ má retí kó padà di òdo. Ohun tí oògùn àti ìrìn àti oúnjẹ máa ṣe ni kí ó má tètè pọ̀ sí i, kí èyí tó ṣì rọ̀ nínú rẹ̀ má sì fọ́ lójijì kó dínà. Ìdí tí mo fi kọ oògùn nìyẹn. Mi ò kọ ọ́ kí wọ́n fi ṣe àjà lọ́ṣọ̀ọ́."

Ìyàwó ní, "Báyìí ni kó o máa sọ ọ́."

Dókítà ní, "Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé Bàbá sọ fún mi pé àyà kì í fún wọn."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Mo ní a dúpẹ́."

"Ó máa ń fún wọn!" Ìyàwó ti dìde. "Láti ọdún tó kọjá! Bí a bá ń gun òkè lọ sóko, wọ́n á dúró sábẹ́ igi, wọ́n á fi ọwọ́ di àyà, wọ́n á ní òdòdó kajú ni àwọn ń wò. Nígbà tí kajú ò yọ òdòdó! Lọ́sẹ̀ yìí, omi ìwẹ̀ lásán ni wọ́n gbé, wọ́n ní àwọn ń wo ojú ọjọ́!"

Dókítà ló wá jókòó báyìí. Ó ní, "Mà, ìyẹn yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà."

Wọn kò jẹ́ kó lọ sílé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ya fọ́tò mìíràn, irú èyí tó ń fi ọ̀nà inú iṣan hàn. Wọ́n rí ibì kan tó ti há. Kò tíì dí. Wọ́n fi oògùn kún oògùn rẹ̀, wọ́n sì sọ fún un irú ìrora tó jẹ́ pé bó bá ti dé, kó máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má dúró de ilẹ̀ tó máa mọ́. Dókítà àgbà kan wá wo gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Bí wọ́n bá fi oògùn yìí kọ́ àjà títí di ìkórè kajú…"

"Parí ẹ̀, ọmọ mi," ni ìyàwó wí.

"Ẹ lè ti sin wọ́n, Mà."

Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní irú ọ̀rọ̀ tí òun wá gbọ́ ní Ìbàdàn gan-an nìyẹn.

Ẹ ò rí i, ẹ̀gbọ́n, kò sí ènìyàn burúkú kankan nínú ìtàn yìí. Ọmọlúàbí méjì ló pàdé. Ọ̀kan kò fẹ́ já ọ̀rọ̀ lu àgbà, èkejì kò fẹ́ ráhùn níwájú ọmọ. Ìwà rere àwọn méjèèjì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé bàbá yẹn sin.

Ọkùnrin náà padà sílé. Ó lọ bá télọ̀ nípa agbádá. Télọ̀ ní òkú kì í gba ẹrù padà, àti pé ní báyìí, bó bá tiẹ̀ gbà á, orúnkún ló máa mọ fún un. Ó lọ bá aládùúgbò nípa rédíò. Aládùúgbò ní bí òun bá dá rédíò padà, òun máa tú ewúrẹ́ sílẹ̀. Wọ́n wá jọ gbà pé kí ó máa wá gbọ́ ìròyìn níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, á wọ bàtà, á rìn gba ọ̀nà tó jìn lọ sí ilé aládùúgbò tí kò bá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, á gbọ́ ìròyìn, á bú ewúrẹ́ díẹ̀, á rìn padà. Dókítà ní ìrìn náà tó. Wọ́n sì ṣì ń rán an ní iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá wá sí ilé rẹ tó bi ọ́ bóyá o ti jẹun, ní báyìí ó máa ń kọ́kọ́ sọ ìdí tó fi ń béèrè.

Ìtàn náà tán. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní irọ́ ni. Ẹ ò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí mo ti sọ fún yín pé wọ́n fi adìẹ yín joyè, tí ẹ sì lọ ra ìlẹ̀kẹ̀ oyè fún adìẹ náà. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ pé irọ́ ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé lónìí, ẹ ní kí n jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lé mi dìde lórí àga yín. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹ bọ́ aago ọwọ́ yín, aago tí mo ti ń tọrọ lọ́wọ́ yín láti ìgbà tí mo jáde ní póòlì, ẹ tì í sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ẹ ní èsì fọ́tò ọkàn yín ti jáde, pé kò sí nǹkan.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́. N kò ṣe àwàdà báyìí. Ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ni mo kọ́ ní póòlì. Bí páìpù bá dí, ẹ pè mí. Ọkàn yín, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè kà á. Iye tí wọ́n kọ fún yín kì í ṣe iye ti ọkùnrin Òkè-Ògùn yẹn, ẹ má wọ aṣọ rẹ̀. Ẹ padà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ mú ìyàwó yín dání, nítorí wọ́n mọ gbogbo ibi tí ẹ ti ń dúró wo òdòdó. Ẹ bi dókítà pé kí ni fọ́tò yìí rí, kí ni kò lè rí, kí ló fẹ́ kí ẹ ṣe. Bó bá ní kò sí nǹkan, ẹ ní kó tún un sọ bí ẹni tí wọn kò tọ́. Bó bá sì bi yín bóyá àyà ń fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúpẹ́. Ibi ìdúpẹ́ pọ̀ nílùú yìí. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni kí ẹ fún un.

Ní ti aago, mo gbà á. Mo ti fi sọ́wọ́, ó bá mi mu, n kò sì ní dá a padà. Bí dókítà bá ní kí ẹ máa rìn, ẹ máa rìn wá sí ilé mi ní ìrọ̀lẹ́ wá bi mí ní iye tí aago lù. N ó máa sọ fún yín. Ó ṣeé ṣe kí n máa parọ́ díẹ̀, kí ẹ lè tún padà wá.

Ní ti ìbéèrè yín, rárá o, n kò tíì jẹun. Ẹ̀yin náà kò tíì jẹun, mo rí i lójú yín. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín bu oúnjẹ fún àwa méjèèjì, kí wọ́n gé ọ̀rá rẹ̀ dànù. N ó jókòó tì yín títí ẹ ó fi jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ bàtà yín. Mo ti wo aago. Ilé ìwòsàn kò tíì tì.